Bàrà Abilà Nínú Oko Ìyàwó Wa

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi kì í bínú. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kórìíra lára rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dùn ún, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní "ẹ má bínú, ìyáálé mi," yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ni èèyàn fẹ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Èmi tí mo fẹ́ jà ni n óò kù sí ìdí ààrò, tí n óò máa ro ọbẹ̀ tí kò nílò rírò.

Inú ilé kan náà la wà ní Manigri. Ọkọ tèmi wà ní apá kan, ọkọ tirẹ̀ wà ní apá kejì, ìyá ọkọ wa wà láàárín. Mo ti wà nínú ilé náà kí ó tó dé. Èmi ni mo gbálẹ̀ yàrá tí wọ́n mú un wọ̀. Èmi ni mo fi ọ̀nà odò hàn án, tí mo fi ibi tí a ti ń ṣẹ́gi hàn án, tí mo sì sọ fún un irú iṣu tí ìyá ọkọ wa kì í jẹ. Kò pẹ́ tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é kí ó tó pè mí. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ìyá, òun ni yóò wá fi òróró pa á. Bí ìyá bá fẹ́ lọ kí aláìsàn ní àdúgbò kejì, òun ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Adìẹ tirẹ̀ kì í kú. Ata tó gbìn sí ẹ̀yìn ilé ìdáná so títí ẹ̀ka rẹ̀ fi tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tèmi tí mo gbìn lọ́jọ́ kan náà, ewé ṣáá ni. Àwọn èèyàn ní ó lọ́wọ́ ire. Mo wo ọwọ́ náà dáadáa nígbà tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tí kò sí lára tèmi.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ní tí òun kò ní, ìyẹn ni ẹ̀gúsí ìyá mi.

Apá Alédjo ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó bá dára níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ló ń gbin iṣu sí i. Àárín òkúta ni ìyá mi ń gbin bàrà tirẹ̀ sí, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún ilẹ̀. Bàrà náà kéré, èèpo rẹ̀ le, ìlà dúdú àti ìlà funfun sì wà lára rẹ̀ láti ìdí dé orí. Nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ, ó di ẹ̀gúsí rẹ̀ sínú àkísà aṣọ rẹ̀ kan, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun. Kò sọ pé kí n pín in fún ẹnikẹ́ni.

Bí ìyá mi ṣe ń yan irúgbìn ni èmi náà ṣe ń yàn án. Ọ̀pọ̀ obìnrin, bàrà tó tóbi jù lọ ni wọ́n máa ń yọ sọ́tọ̀. Ìyá mi kì í wo títóbi. Bí òjò bá dá, tí ewé bàrà ń rọ, yóò lọ sóko lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo èèyàn wà lábẹ́ igi, yóò máa wá ìtàkùn tí ewé rẹ̀ ṣì nà. Èso orí ìtàkùn yẹn ni yóò fi èékánná fà lára nígbà tí èèpo rẹ̀ ṣì rọ̀. Ojú ibẹ̀ yóò jinná, yóò di àpá. Nígbà tí ìkórè bá tó, tí àwọn obìnrin péjọ láti fi kùmọ̀ fọ́ bàrà kí wọ́n tó kó o jọ kó rà, ẹni tó bá rí àpá yẹn yóò gbé èso náà sí ẹ̀gbẹ́ kan láìbéèrè. Ẹ̀gúsí tí a bá fọ̀ nínú ìwọ̀nyẹn la ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Manigri ni mo ti ń lọ sóko lọ́sàn-án gangan. Ọkọ mi sọ pé oòrùn ti fẹ́ bà mí lórí jẹ́.

Ìyàwó wa náà kó ẹ̀gúsí tirẹ̀ wá láti Pénéssoulou. Bàrà tirẹ̀ tóbi, kò ní ìlà kankan, ó rí funfun-funfun bí ohun tí wọ́n fi omi eérú wẹ̀. Ẹ̀gúsí inú rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń dán. Lọ́jọ́ ọjà Bassila, a máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, abọ́ tirẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Bí tirẹ̀ bá tán ni wọ́n á tó yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Ìyá, ti yín náà ńkọ́?" Ti yín náà! Mo máa ń fẹ́ da aṣọ bo abọ́ mi kí n gbé e padà sílé. Òun a sì máa bá mi pe oníbàárà, a ní, "Ẹ ra ti ìyáálé mi, ó dùn ju tèmi lọ." Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Yóò rọ̀, a ó gbìn, yóò wá dáwọ́ dúró nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. Ní àsìkò yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn wá láti Bassila. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, madàámù la ń pè é. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, èdè Nàgó rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, àmọ́ a ń gbọ́ ara wa. Ó ní àwọn ń wá ẹ̀gúsí tó lè fara da ọ̀dá, tí àwọn yóò sọ di púpọ̀, tí àwọn yóò kó lọ fún àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí òjò kì í rọ̀ pẹ́ rárá. Ó ní àwọn kò fẹ́ ti inú páálí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ti àwọn obìnrin tó ti ń gbìn ín tipẹ́ ni àwọn fẹ́. Mo rò ó nínú ara mi pé, ọjọ́ mi ló dé yìí.

Wọ́n gba ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn Manigri, wọ́n pín in. Wọ́n ní nígbà tí òjò bá ń lọ ni a ó gbìn ín, kí ọ̀dá lè bá a lórí ilẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń gbin bàrà nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́? Madàámù náà bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. A ṣẹ́ kèké fún ipín. Nínú gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ti ìyàwó wa ni tèmi bọ́ sí. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ìyáálé mi, a tún jọ wà!" Mo ní, "Mo rí i."

Mo ń lọ wo oko yẹn ju bí mo ṣe ń lọ wo oko ara mi lọ. N óò ní mò ń lọ ṣẹ́gi, igi náà a sì máa wà ní apá ibẹ̀ nígbà gbogbo. Tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ìtàkùn tirẹ̀ bá gùn sí i, oúnjẹ mi kì í lọ dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí kòkòrò pupa tó máa ń jẹ ewé bàrà rí ipín tirẹ̀. Kòkòrò náà dé lóòótọ́. Ó fò kọjá lórí tirẹ̀, ó bà sórí tèmi. Ìyàwó wa ló bá mi bu eérú sí i lára, ó ń kọrin bó ti ń bù ú.

Òjò lọ. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ètè wa. Ti àwọn obìnrin yòókù kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku tèmi àti tirẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ewé tirẹ̀ pọ́n, ó rún mọ́ ilẹ̀, èso funfun rẹ̀ sì wà lójú ilẹ̀ gbalaja. Tèmi ń bẹ níbẹ̀ tútù. Mo lọ lọ́sàn-án gangan, mo rí i tí ewé rẹ̀ nà, mo sì jó. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, mo jó dáadáa. Mo ti ń wo bí n óò ṣe ṣe ojú nígbà tí wọ́n bá pè mí, kí ó má dà bíi pé mò ń yọ̀ ọ́.

Bassila ni wọ́n ti sọ èsì fún wa. Alùpùpù zẹ́míjàn kan ṣoṣo ló wà ní ìdúró, ni èmi àti ìyàwó wa bá jọ gun ún, òun láàárín, èmi lẹ́yìn. Wọ́n kó èso wa jáde sí iwájú bírò wọn, wọ́n là wọ́n lójú gbogbo wa. Ti ìyàwó wa kún fún ẹ̀gúsí tó ti gbó. Wọ́n la tèmi. Ẹ̀gúsí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ní nǹkan nínú. Madàámù mú un dání, ó ní tèmi lágbára gan-an, oòrùn kò rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù kó tó gbó. Ti ìyàwó kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yára, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbẹ tán. Ti ìyàwó ni àwọn mú. Ó wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ìyá, ti yín náà dára." Ti yín náà. Mo ti gbọ́ ọ lọ́jà, mo tún wá gbọ́ ọ ní bírò.

Kò tán síbẹ̀. Ó ní bí àwọn bá fẹ́ kí ẹ̀gúsí ìyàwó wa dúró bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin irú mìíràn sí ìtòsí oko rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí oyin á gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, wọ́n á sì dà rú. Oko mi ló sún mọ́ èyí tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pín fún un jù. Igi kajú nìkan ló pààlà wa. Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi, tó ti fi kẹ̀kẹ́ ṣáájú wa débẹ̀, ti dáhùn. Ó ní kò burú, iṣẹ́ ìlú ni, ìyàwó òun kò ní gbin ẹ̀gúsí. Nígbà tí à ń padà bọ̀ lórí zẹ́míjàn, ọ̀nà burú, mo ní láti di ìbàdí ìyàwó wa mú kí n má baà ṣubú. Ó ń sọ̀rọ̀ sí mi nínú afẹ́fẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, mi ò sì fẹ́ gbọ́.

Inú bí mi débi pé nígbà tí mo délé, mo gbé ìkòkò tí mò ń kó ẹ̀gúsí irúgbìn mi sí jáde. Mo rò ó pé, kí ló kù tí mò ń tọ́jú rẹ̀ sí? Ṣé kí ó wà níbẹ̀ títí kòkòrò á fi jẹ ẹ́, kí tirẹ̀ máa gun ọkọ̀ lọ sí òkè lọ́hùn-ún? Mo jókòó, mo bó gbogbo rẹ̀. Mi ò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Mo lọ̀ ọ́, mo sè é pẹ̀lú ewúro àti ẹja gbígbẹ, mo fi iyán tì í, mo sì bù ú fún gbogbo ilé. Ó dùn, wàláhì. Ọkọ mi lá ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó wa wá bu sí i. Ìyá ọkọ wa jẹun tán, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó ní, "A! Ẹ̀gúsí ìyàwó kékeré yìí dùn!" Ìyàwó wa ní, "Ti ìyáálé mi ni, ìyá." Ìyá ti ń nu ẹnu, kò gbọ́. Mo kó abọ́ jọ, mo lọ fọ̀ ọ́. Ẹkún ń gbọ̀n mí, mo sì kọ̀ láti sun ún.

Ọdún kejì dé. Ẹ̀gúsí tí wọ́n kórè nínú ipín ìyàwó wa ní oko ọ̀dá yẹn ni wọ́n gbé padà fún un pé kó gbìn sí oko tirẹ̀. Gbogbo wa la lọ bá a gbìn ín, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nínú ilé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ju ẹ̀gúsí rẹ̀ sínú ihò. Mo tẹ díẹ̀ jìn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì hù. Oko tèmi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì igi kajú láìsí bàrà kan níbẹ̀. Mo gbin ẹ̀wà sí i. Ẹ̀wà kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń lọ wò.

Nígbà tí bàrà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó ní kí n wá bá òun tu koríko. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fa koríko lọ, mo gbé ewé kan sókè, mo rí èso kékeré kan lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ìlà. Dúdú, funfun, dúdú, funfun, láti ìdí dé orí. Mo da ewé bò ó. Mo wo ẹ̀yìn. Mo tún ṣí i. Mo rí òmíràn níwájú, mo tún rí òmíràn lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán. Àárín àwọn èso funfun ni wọ́n wà káàkiri. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi se wọ́n jẹ, ibo ni wọ́n ti wá? Ayọ̀ kọ́kọ́ gbé mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí oko ẹni tí wọ́n wà, ayọ̀ náà sì di nǹkan mìíràn. Ẹ̀gúsí ìyá mi kú nílé mi, ó wá jí nílé rẹ̀!

Madàámù rí wọn nígbà tó wá ṣe àbẹ̀wò. Ojú rẹ̀ le. Ó bi mí níwájú àwọn èèyàn pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbin ti yín mọ́ tirẹ̀?"

Mo ní, "Èmi kọ́. Tèmi wà nínú ikùn gbogbo ilé wa. Ẹ bi wọ́n."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Madàámù ní kí ìyàwó wa fa gbogbo abilà tu kíákíá, kí wọ́n má baà ba èyí tó funfun jẹ́.

Ìyàwó wa ní, "Madàámù, wọ́n mà ti so."

"Ẹ fà wọ́n tu."

"Ó dáa, mo ti gbọ́."

Ó fa àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tu. Mo dúró lábẹ́ kajú, mo ń wò ó. Ọwọ́ mi di igi náà mú bí ó ti ń fà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé apá ọ̀gán, níbi tí ewé ti ṣú jù, ó nà ró, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó sì kọjá wọn. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀lẹ ni, nítorí mo fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀lẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òjò dá. Kì í ṣe ìgbà tó máa ń dá. Àárín gbùngbùn àsìkò ni, nígbà tí èso kò tíì gbó. Oòrùn mú bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣu àwọn ọkùnrin dúró sójú kan. Bàrà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ láàárọ̀, kì í tún na ewé mọ́ nírọ̀lẹ́. Yíyára tí madàámù yìn ín fún kò wúlò, nítorí ọ̀dá yára jù ú lọ. Èso rẹ̀ rọ̀, ó sún kì. Mo ń lọ wò ó lójoojúmọ́, n kò ní purọ́ pé ó dùn mí. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá ọ̀gán, lọ́sàn-án gangan, àwọn abilà na ewé wọn sílẹ̀. Èso wọn tóbi ju ti ìyá mi lọ. Wọ́n sì ti ń gbó.

Nígbà tí madàámù padà dé, ó kọ́kọ́ fọwọ́ lẹ́rán. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó wa mú un lọ sí apá ọ̀gán. Gbogbo èèyàn tẹ̀lé wọn, èmi náà tẹ̀lé wọn. Wọ́n la abilà kan. Ẹ̀gúsí inú rẹ̀ fẹ̀, ó gbó, ó kún. Madàámù bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wa. Ó ní ní oko ọ̀dá ọdún tó kọjá, nígbà tí tèmi àti ti ìyàwó wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oyin ti gbé ìyẹ̀fun òdòdó tèmi lọ sínú òdòdó tirẹ̀. Èso rẹ̀ kò fi hàn lọ́dún yẹn, inú ẹ̀gúsí ni ó wà. Ìgbà tí a gbin ẹ̀gúsí náà ló tó jáde. Ti ìyàwó wa ni ìyá, tèmi ni bàbá. Ọmọ náà gba yíyára lọ́dọ̀ ìyá, ó gba agbára lọ́dọ̀ bàbá. Ó ní àwọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ irú rẹ̀ gan-an ni àwọn ti ń wá.

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyáálé ti di ọkọ ìyàwó!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń ronú pé bí mo bá tilẹ̀ rí ẹ̀gúsí yìí gbà, kì í ṣe ti ìyá mi nìkan mọ́. Tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀bẹ tó lè là wọ́n.

Madàámù wá béèrè pé, "Ta ni a ó sọ pé ó ni ín?"

Mo mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Oko rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Mo ti múra láti bínú. Mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ìyàwó wa ní, "Ti ìyáálé mi ni. Láti Alédjo ni ìyá wọn ti fún wọn. Oko mi ló kàn hù sí."

Ẹ gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń yìn ín! Wọ́n ní inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní irú ìyàwó yìí kò pọ̀ mọ́. Àwọn àgbà ọkùnrin ń mi orí. Ìyá ọkọ wa gbọ́ nílé kí a tó dé, ó ti ń ṣàdúrà fún un lójú ọ̀nà. Ní ọjà Bassila, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń sọ ọ́ fún mi, pé mo mà ní ìyàwó rere nínú ilé. Ẹnì kan kò bi mí nípa bàrà. Ó ti ní ata, ó ti ní adìẹ, ó ti ní ìyá ọkọ wa. Ó wá fi ẹ̀gúsí mi gba orúkọ rere mọ́ wọn. Kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi láti bá a jà lé lórí. Ó ń ta mí lára ju ìgbà tí mo pàdánù ní bírò lọ.

Nígbà tí wọ́n fọ ẹ̀gúsí náà tán, tí ó gbẹ, madàámù kó tirẹ̀ lọ, ó fi ìyókù sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó wa. Ó di ọjọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ṣa ẹ̀wà lójú ilẹ̀kùn mi, ó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú igbá kékeré kan. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sí iwájú mi.

"Ìyáálé mi, ẹ̀gúsí yín rèé."

Ìyá ọkọ wa wà lórí ẹní rẹ̀ níta, ó ń wò wá, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wo inú igbá. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ.

Mo ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ó rọra sọ ọ́, kí ìyá má baà gbọ́, ó ní, "Rárá. Àwọn tó dára jù wà ní yàrá mi. Mo ti ṣà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó gbé èyí wá."

"Kí ló dé?"

"Ìlara ni, ìyáálé mi. Kí n má parọ́ fún yín. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí ni. Ẹ̀yin, ìyá yín fún yín ní nǹkan. Tèmi, ọjà ni mo ti rà á ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń bọ̀ wá sílé ọkọ, kí n má baà wọlé lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá ti ń lọ sóko lọ́sàn-án láti lọ wò ó, inú mi máa ń bàjẹ́ débi pé mo máa ń wá iṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí n fà á tu, ọwọ́ mi kọ̀. Kì í ṣe nítorí yín. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi; ojú àwọn èèyàn ni mo ń wò tí mo fi ní ti yín ni."

Ẹ̀wà dà sílẹ̀ láti orí itan mi. Mo wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí, òun tí kì í bínú, tí ata rẹ̀ ń so, tí gbogbo Manigri ń yìn. Ara mi balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Mo gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì béèrè èyí tó kù. Mo sún fún un lórí àpótí, mo ní kí ó dìde, kí ó wá jókòó tì mí. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀.